Lábísí àti Àwọn Afàwọ̀n Abẹ́ Àgbọn

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi kìlọ̀ fún àwọn ará Ìlaròó kí ẹnikẹ́ni má pe ìyàwó mi ní "màmá tó ń fi ọ̀dà ṣeré" létí mi mọ́. Mo ti bá èèyàn mẹ́ta jà lórí ọ̀rọ̀ yìí, alàgbà ìjọ wa sì ni ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí Lábísí ṣe lọ́dún tí wọ́n ti bọ́dà, kó jókòó kó gbọ́. Ẹni tó bá sì ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kó tún un gbọ́, kò ní pa á lára.

Alfred Mákindé lorúkọ mi. Pírínsípà ni mí kí n tó fẹ̀yìntì. Ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wa ni Olúwadámilọ́lá, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pe ìyàwó mi ní Ìyá Dámi, tí òun náà ń pè mí ní Bàbá Dámi.

Igbógilà ni wọ́n bí Lábísí sí. Bàbá rẹ̀ ń dáko ẹ̀gẹ́, ó sì ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Láti kékeré ló ti máa ń fi èédú ya àwọn tó ń roko sára ògiri. Ìyá rẹ̀ á nà án, á ní kó fọ ògiri náà. Bó bá fọ̀ ọ́ tán, á tún yà wọ́n padà. Nígbà tó dàgbà, ó di olùkọ́ iṣẹ́ ọnà, ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló sì fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Ìlaròó. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ ọnà nílé-ìwé wa: bí ìdánwò bá ti sún mọ́lé, olùkọ́ ìṣirò á ní kí wọ́n yọ̀ǹda wákàtí yẹn fún òun. Èmi gan-an ni mo máa ń fọwọ́ sí i. Mo jẹ́wọ́. Lábísí ò bá mi jà. Ó kàn ń ya ìkòkò àti ife sójú pátákó, ó ń retí ọjọ́ tirẹ̀.

Nígbà tó fẹ̀yìntì ni ọjọ́ náà dé. Ó ní òun fẹ́ ya àwọn èèyàn tó ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ gan-an, nínú oòrùn tí Ọlọ́run dá. Kì í ṣe láti inú fọ́tò o. Mo ní, "Ìyá Dámi, ṣebí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ kún Ìlaròó níbí? Ya àwọn tó ń la pákó." Ó ní rárá, etí òkun lòun ń lọ. Ó ti kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ sí Abẹ́ Àgbọn nígbà kan, ní ìsàlẹ̀ Ìpókíá lọ́hùn-ún níbi tí ilẹ̀ wa ti parí sínú omi, ó sì rí àwọn tó ń fa àwọ̀n níbẹ̀ láàárọ̀.

"Ìmọ́lẹ̀ ń bọ̀ látòkè," ó ní, "omi tún ń dá a padà, yanrìn náà tún ń dá a padà. Ara wọn ń tàn látìsàlẹ̀. Ọdún méje rèé, Bàbá Dámi, mi ò tíì gbàgbé."

Mo wá ọkọ̀, a lọ. A gba yàrá kan lọ́dọ̀ Bàrúwà, tó jẹ́ olórí àwọn afàwọ̀n, a sì ń lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan nílé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń fa àwọ̀n fún ẹni tí kò bá dé etí òkun rí. Ọkọ̀ ojú omi á gbé àwọ̀n lọ sínú òkun, á tẹ́ ẹ yípo, okùn rẹ̀ méjèèjì á sì wà lọ́wọ́ àwọn tó dúró sórí yanrìn. Ogún èèyàn lókùn ọ̀tún, ogún èèyàn lókùn òsì. Wọ́n á jọ máa fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí àwọ̀n á fi gúnlẹ̀. Àwọn ará Abẹ́ Àgbọn ló ń fa tọ̀tún. Àwọn ìbátan wọn láti abúlé kejì, tó bọ́ sápá Kútọnu, ló ń fa tòsì. Yanrìn lásán ló wà láàárín abúlé méjèèjì. Wọ́n á fẹsẹ̀ rìn wá láàárọ̀, wọ́n á kí ara wọn lédè Ègùn, wọ́n á bu Faransé díẹ̀ mọ́ ọn, bí iṣẹ́ bá sì gbóná tán, Yorùbá ni wọ́n á fi bú ara wọn.

Lọ́jọ́ tí Lábísí kọ́kọ́ ní òun fẹ́ yà wọ́n, Bàrúwà ní ká wá lọ́la. Ọ̀la dé, a dé etí omi, kò sẹ́ni tó ń fa àwọ̀n! Gbogbo wọn ti wẹ̀, wọ́n ti wọ léèsì, wọ́n ti lẹ pọ́dà mọ́jú, wọ́n tò sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi àgbọn, ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún, wọ́n ranjú mọ́ wa. Bàrúwà tilẹ̀ gbé rédíò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo sá lọ sẹ́yìn ilé. Lábísí ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó jókòó, ó yà wọ́n bí wọ́n ṣe wà, ó sì fi àwòrán náà ta wọ́n lọ́rẹ. Ìgbà yẹn ló tó sọ pé, "Ẹ ṣeun. Ẹ wá jẹ́ kí n ya èyí tí èmi ń fẹ́."

"Èwo nìyẹn?" Àṣìkẹ́ ló bèèrè. Ó ń yan ẹja tà, òun náà ló sì máa ń wà nídìí okùn ọ̀tún. Ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ.

"Bí ẹ ṣe ń ṣiṣẹ́."

"Nínú àkísà? Kí àwọn àna mi wá rí i? Tíṣà, ẹ ò fẹ́ràn mi o!"

Wọ́n gbà nígbẹ̀yìn, ìjà míì sì bẹ̀rẹ̀. Lábísí ya àwòrán kékeré kan láti fi dánwò. Àṣìkẹ́ yọjú wò ó, ó fọwọ́ lérí. "Ojú mi kan dà? Ojú kan ṣoṣo lẹ yà fún mi! Ta ló sọ fún yín pé mo fọ́jú kan? Ẹ tún wá fi aró pa mí lẹ́rẹ̀kẹ́!" Lábísí ò bá a jiyàn. Lọ́jọ́ kejì bí oòrùn ṣe ń yọ, ó fà á lọ́wọ́, ó ní kó wo Bàrúwà tó fẹ̀gbẹ́ kan dúró.

"Ojú mélòó lẹ rí?"

"Ọ̀kan ni."

"Ẹ wo abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀."

Àṣìkẹ́ wò ó títí. Ó pariwo, "Yéè! Bàrúwà ti kó sínú aró!" Láti ọjọ́ náà, òun ló ń bá Lábísí lé àwọn tó bá fẹ́ dúró dí i. "Ẹ kúrò lójú ìmọ́lẹ̀ Tíṣà! Ṣé ẹ̀yin lẹ ràn án ni?"

Òfin kan wà nínú iṣẹ́ Lábísí. Láti ìgbà tí oòrùn bá yọ títí tó fi máa gun orí igi àgbọn, kò ju wákàtí kan àbọ̀ lọ, ìgbà yẹn nìkan ló ń yàwòrán. Bó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, á ní ìmọ́lẹ̀ ti yàtọ̀, á fi aṣọ bò ó, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ṣí i, títí kan èmi ọkọ rẹ̀ tó ru igi tó ń gbé àwòrán lé láti Ìlaròó. Mo ráhùn ráhùn, ó sú mi.

Ní oṣù keje ọdún 2019, lẹ́tà kan dé láti Abẹ́òkúta. Wọ́n fẹ́ ṣe àfihàn iṣẹ́ àwọn olùkọ́ iṣẹ́ ọnà tó ti fẹ̀yìntì, àwòrán kan lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, kó sì dé gbọ̀ngàn wọn kó tó di ọjọ́ Jímọ̀ tó kẹ́yìn oṣù kọkànlá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Lábísí ka lẹ́tà náà. Àwòrán rẹ̀ ò tíì gun ògiri kankan rí ju ti kíláàsì rẹ̀ àti ti pálọ̀ wa lọ, ó sì ti pé ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta. Ó fi lẹ́tà bojú, ó ń sunkún, mi ò mọ ibi tí mo máa kọjú sí.

Ó ní, "Bàbá Dámi, bí eléyìí bá bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, kò tún sí òmíràn mọ́."

Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Ta ló tún máa kọ lẹ́tà sí wa?

Ó ra kánfáàsì, aṣọ tí wọ́n ń yàwòrán sí, èyí tó gùn ju èmi lọ. Okùn ọ̀tún ló kọ́kọ́ yà, gbogbo ogún èèyàn náà, títí kan bí oníkálukú ṣe ń tẹ gìgísẹ̀ mọ́ yanrìn. Ó parí wọn ní nǹkan bí ogúnjọ́ oṣù kẹjọ. Ó wá ku tòsì.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ti bọ́dà.

A kọ́kọ́ rò pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ díẹ̀ ni. Ọ̀sẹ̀ kan di oṣù kan, oṣù kan di méjì. Àwọn ṣọ́jà dúró sórí yanrìn láàárín abúlé méjèèjì, àwọn tó ń fa okùn òsì ò lè wá mọ́. Lọ́jọ́ kan a rí wọn lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n juwọ́ sí wa, a juwọ́ sí wọn, ó tán síbẹ̀. Epo bẹntiróòlù di ohun àwátì, àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi gbé ẹ́ńjìnnì wọlé, wọ́n mú àjẹ̀. Ibi àyẹ̀wò mẹ́rìnlá ni mo kà láti Ìlaròó dé etí omi, gbogbo wọn ló sì fẹ́ mọ ohun tó wà nínú àpò Lábísí. Ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́jà tó wà níbẹ̀ tẹ ike ọ̀dà pupa, ó tú sí òun fúnra rẹ̀ láyà. Ọlọ́run ló yọ wá lọ́jọ́ yẹn. Mo ti fẹ́ la ẹnu, Lábísí tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀.

Ní Abẹ́ Àgbọn, àwọ̀n ti gbẹ sórí yanrìn, ewúrẹ́ ń sùn lórí rẹ̀. Okùn kan ò lè dá fa àwọ̀n. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin wọn ti ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan láti lọ ṣiṣẹ́ bíríkìlà níbòmíràn. Àṣìkẹ́ tí kì í jẹun láìsí ẹja ń mu gààrí lásán, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ti wọlé.

Mo wá gba ìyàwó mi nímọ̀ràn. Mo ní, "Ìyá Dámi, ṣebí o ti ya àwọn ará ọ̀hún sínú ìwé rẹ tẹ́lẹ̀? Dà wọ́n kọ sápá òsì, kó parí. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi ni màá mọ̀."

"Àwọn ará Abẹ́òkúta ò dé Abẹ́ Àgbọn rí!"

"Wọn ò sí níbẹ̀, Bàbá Dámi. Bí mo bá yà wọ́n síbẹ̀, ohun tí mò ń sọ ni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Pé wọn ò ti bọ́dà. Pé Àṣìkẹ́ ò mu gààrí."

Inú bí mi, mo ní, "Àwòrán lásán ni, kì í ṣe Bíbélì!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi ń gbé oúnjẹ síwájú mi láìfọhùn. Oúnjẹ náà ò sì níyọ̀, mi ò tó bẹ́ẹ̀ kí n sọ ọ́. Ojú ń tì mí. Ọ̀rọ̀ "lásán" yẹn ni mo fi ń gba wákàtí rẹ̀ fún olùkọ́ ìṣirò ní gbogbo ọdún tí mo fi jẹ́ ọ̀gá.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọjọ́ pé, Bàrúwà rí àwọn ẹyẹ tó ń já sójú omi. Ṣàwá ti wọlé. Ó ní ebi ò ní pa òun kí ẹja máa fò níwájú òun. Ó gbé àwọ̀n kékeré, ó pín àwọn tó kù nílé. Ìgbì máa ń ta sápá ọ̀tún lásìkò yẹn, nítorí náà ó kó àwọn ọkùnrin mẹ́jọ tó kù sọ́tùn-ún. Ó wá kó Àṣìkẹ́ àti obìnrin mẹ́rin sósì, pẹ̀lú bàbá arúgbó kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọgọ́rin ọdún.

Lábísí gbé àwòrán rẹ̀ kalẹ̀, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Ó dojú kọ òsì, inú rẹ̀ dùn: ó ti rí àwọn tó máa yà, àwọn tó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Èmi jókòó sórí àpótí lẹ́yìn rẹ̀, mo ta agboòrùn mi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Kò pẹ́ ni ìgbì yí padà, ó ń ta sósì. Mo rí i tí ẹsẹ̀ àwọn obìnrin náà ń yọ̀ lọ sínú omi.

"Ẹ gbà wá o!" Àṣìkẹ́ ń ké. "Okùn ń lọ!"

Bí okùn bá lọ, àwọ̀n náà lọ nìyẹn. Kí ni wọ́n á tún jẹ? Mo wo Lábísí. Ó wo okùn, ó wo oòrùn, ó wá rọra gbé búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kalẹ̀, ó ń ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Bó bá dìde lónìí, á dìde lọ́la, á dìde lọ́túnla, nítorí èèyàn ò ní tó fún okùn náà lójoojúmọ́. Wákàtí kan àbọ̀ tó ní lóòjọ́ á máa bá okùn lọ, Abẹ́òkúta á sì di àlá. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó mọ̀, síbẹ̀ ó ń dìde.

Mo ní, "Jókòó."

"Bàbá Dámi, ṣé ẹ ò rí wọn ni?"

"Mo ní kí o jókòó! Ya àwòrán rẹ. Èmi ń lọ."

Ha! Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin. Mo bọ́ bàtà, mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, mo ká ṣòkòtò dé orúnkún. Síńgílẹ́ẹ̀tì tí mo wọ̀ sábẹ́ ti lu, n kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni máa rí i. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà létí òkun, mo sì di okùn mú lẹ́yìn Àṣìkẹ́.

"Ẹ tẹ gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀, Pírínsípà!" ó ń jágbe mọ́ mi. "Ẹ yéé fọwọ́ fà á! Ìdí ni kí ẹ fi fà á, ìdí!"

Kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti gboyè. Mo fi ìdí fà á. Okùn dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀, ìṣísẹ̀ kan, ìṣísẹ̀ kan, mò ń mí bí ewúrẹ́ tó gun òkè, títí àwọ̀n fi gúnlẹ̀ tí ṣàwá ń fò nínú rẹ̀. Àwọn obìnrin náà kígbe, èmi náà kígbe, mi ò tiẹ̀ mọ ohun tí mò ń wí.

Nígbà tí wọ́n ń pín ẹja, Bàrúwà ka méje síwájú mi. Mo ní ó tì o, ẹ fi fún àwọn ọmọ yín. Ojú rẹ̀ le. Ó ní, "Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan okùn ní ìpín níbí, bó jẹ́ àlejò, bó jẹ́ ọba. Ẹ fẹ́ ba òfin wa jẹ́ ni?" Mo tọrọ àforíjì, mo gba ẹja mi. Mo gbé e fún Lábísí. Kò wo ẹja, àtẹ́lẹwọ́ mi tó ti bó ló ń wò. Ó ní, "Ẹ ṣeun, ọkọ mi." Ọbẹ̀ ọjọ́ yẹn níyọ̀ dáadáa.

Àárọ̀ mẹ́tàdínlógún ni mo fi fa okùn. Mo ti mọ̀ ọ́n fà débi pé mo ń bú àwọn tí kò bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn mi, Lábísí ń ṣiṣẹ́, aṣọ á sì bo àwòrán kí n tó gòkè.

Ó parí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn. Ọ̀dà ò tíì gbẹ, nítorí náà Bàrúwà fi pákó kan àpótí bò ó kí nǹkan kan má baà kàn án. Òun àti Àṣìkẹ́ bá wa lọ, wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ ibi tí àwọn máa wà. Àwọn ṣọ́jà já àpótí náà wò lẹ́ẹ̀mẹta lójú ọ̀nà, wọ́n sì ní ká máa lọ. Lọ́jọ́bọ̀ la gbé e wọ gbọ̀ngàn.

Wọ́n gbé e sára ògiri, èmi náà rí i fún ìgbà àkọ́kọ́. Ogún èèyàn lókùn ọ̀tún, ara wọn ń tàn látìsàlẹ̀ bó ṣe máa ń wí. Lápá òsì, yanrìn gbalasa, obìnrin márùn-ún, arúgbó kan, àti èmi. Ikùn mi yọ síwájú, ẹnu mi là gbàgà, ihò síńgílẹ́ẹ̀tì mi hàn kedere, ìdajì ojú mi pọ́n bí osùn, ìdajì kejì dúdú bí aró. Kò bo nǹkan kan fún mi. Mo wò ó títí omijé fi bọ́ lójú mi. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa, n kò rí ara mi kí n rẹwà tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọkùnrin kan tó wà lára àwọn tó ń ṣètò àfihàn náà dúró níwájú rẹ̀. Ó ní, "Màmá, kí ló dé tí apá òsì fi ṣófo báyìí? Ẹ sì ya obìnrin yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé àṣìṣe ni?"

Lábísí kì í sọ̀rọ̀ sókè. Lọ́jọ́ yẹn, ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ́ ọ. "Oṣù kẹjọ nìyẹn, sà. Oṣù kọkànlá nìyí. Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀."

Ọkùnrin náà sún mọ́ ọn, ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ tọ̀tún tó kún, ó wo tòsì tó ti wọlé.

"Èmi náà ni méjèèjì," Àṣìkẹ́ sọ látẹ̀yìn, nínú léèsì rẹ̀ tó ti tóbi jù ú lọ.

"Àwọn tó yẹ kó wà lókùn yìí ńkọ́?"

"Ẹ̀yìn bọ́dà ni wọ́n wà," ìyàwó mi ní. "Mi ò lè ya ẹni tí wọn ò jẹ́ kó wá."

Lẹ́yìn náà ọkùnrin yẹn pe àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí wọ́n gbé e kọ́ sí ògiri tó dojú kọ ẹnu ọ̀nà, kó jẹ́ òun ni gbogbo ẹni tó bá wọlé máa kọ́kọ́ rí. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀: Lábísí Mákindé. Mo kà á tó ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Orí mi wú débi pé mi ò lè dúró lójú kan, gbogbo ẹni tó bá wọlé ni mò ń fà lápá wá síwájú àwòrán.

Ọ̀dọ́bìnrin kan wò mí, ó wo àwòrán, ó tún wò mí. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin nìyí! Ṣé ẹ̀yin náà ń yàwòrán ni?"

"Rárá o," mo ní. "Okùn ni mo fà, kí ìyàwó mi lè ráyè ṣiṣẹ́."